Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Lọ Sinmi Lópin Ọ̀sẹ̀, Kí Ilé Má Sì Fìyà Jẹ Wọ́n Nígbà Tí Wọ́n Bá Dé

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló máa ń gbéra lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé àwọn ń lọ sinmi, tí wọ́n á padà dé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ara á sì ro wọ́n ju ti ìgbà tí wọn ò tíì lọ. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, òórùn á kọ́kọ́ pàdé wọn láti ilé ìdáná. Abọ́ tí wọn ò ráyè fọ̀ ti hu funfun. Aṣọ tútù ṣì wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ti ń rùn. Báàgì á wà nílẹ̀ pálọ̀ títí di Ọjọ́rú. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀kan nínú wọn á ní, "À bá má tiẹ̀ lọ."

Èmi àti ọkọ mi ti padà bá irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó yé wa pé ibi tí a lọ kò jẹ̀bi. Inú ilé tí a tì sílẹ̀ ni ìsinmi náà ti ń bàjẹ́, pàápàá láàárín wákàtí méjì tó gbẹ̀yìn kí a tó jáde, nígbà tí ẹnì kan ṣì ń wá ṣájà, tí ẹnì kejì ti jókòó sínú ọkọ̀ tó ń fọn fèrè. Nítorí náà, ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ síbí dá lórí ìrìn àjò, ìdajì kejì dá lórí àwọn nǹkan kéékèèké tí a ṣàwárí nínú ilé. Mi ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Òru méjì péré ni mo ń sọ o: ẹ lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ dé lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé pélébé méjì àti bírò méjì.
- Ife oníke kan àti owó onírin ẹyọ kan. Ẹ ó rí ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe níwájú.
- Fínígà funfun àti baking soda.
- Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ.
- Okùn òwú tó gùn díẹ̀, bí ẹ bá ní òdòdó tàbí ewéko nínú ìkòkò.
- Àpò kan tó ṣófo fún aṣọ ìdọ̀tí.
- Kọ́kọ́rọ́ kejì, àti ẹnì kan nítòsí tí ẹ fọkàn tán tó lè mú un dání.
- Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti fẹnu kò, ọ̀kan lỌ́jọ́bọ̀ fún ilé, àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì fún ọ̀nà.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ fò. Ẹni tó bá kó iṣẹ́ ilé pọ̀ mọ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gànjọ́ òru ni yóò kúrò nílé, bínú-bínú.

1. Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó wá ibi tí ẹ máa lọ

Ẹ má fi "Níbo la máa lọ?" bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló máa ń sọ ẹni méjì di olùdíje: ẹnì kan á dárúkọ ibì kan, ẹnì kejì á dárúkọ òmíràn, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le ló máa borí.

Kí olúkúlùkù mú ìwé pélébé kan, kó lọ jókòó lọ́tọ̀, kó kọ ohun kan péré tó fẹ́ àti ohun kan péré tí kò fẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, èyí tí ọkọ mi kọ ni: "Mo fẹ́ sùn títí oòrùn á fi yọ. Mi ò fẹ́ wakọ̀ lóru." Èmi kọ pé: "Mo fẹ́ jókòó sétí omi. Mi ò fẹ́ rí kọ̀ǹpútà." Gbogbo ọdún tí a ti jọ ń rìnrìn àjò, òun ló máa ń wa ọkọ̀ lóru, mi ò sì mọ̀ rí pé ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ, èmi náà ò bi í. Ìwé pélébé ló sọ ọ́.

Ibi tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ gba ohun méjèèjì tí ẹ fẹ́, kó sì yẹra fún méjèèjì tí ẹ kò fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo bó ṣe jìnnà tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí dáadáa. Láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú jẹ́ wákàtí 48. Ẹ yọ 16 kúrò fún oorun òru méjì, ó ku 32. Ẹ yọ nǹkan bíi 6 fún ìwẹ̀, oúnjẹ àti dídi ẹrù, ó ku 26. Bí ibẹ̀ bá gba wákàtí 5 ní àlọ àti 5 ní àbọ̀, ẹ ti fi 10 nínú 26 jókòó sínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí 2 ní àlọ àti 2 ní àbọ̀, 22 ló kù fún ẹ̀yin méjèèjì. Èmi kì í gbà kó ju wákàtí 3 lọ láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń lọ.

Níbi táwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á ní, "Bí a bá sì ti ń lọ, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ lágbájá, ká tún gba ẹrù yẹn lọ́wọ́ tàmẹ̀dò." Ẹ fi lágbájá sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ìbẹ̀wò kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, torí kò sí ẹni tó máa ń kí èèyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ ó mọ̀ pé ìpele yìí ti parí bí olúkúlùkù bá lè sọ ohun tó wà nínú ìwé ẹnì kejì rẹ̀ láìwò ó.

2. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ pinnu iye tí ẹ lè ná láìfọwọ́ kan owó ilé, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: owó ọkọ̀ àti ibùsùn, owó oúnjẹ, àti owó ohun tí ojú bá rí tí ọkàn fẹ́. Kí owó kẹta yìí wà lóòótọ́. Bí kò bá sí, gbogbo nǹkan kékeré tí ẹnì kan bá fẹ́ rà ni yóò di ọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa sanwó, kí ẹnì kejì má sì máa ṣírò sí i létí.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù àti káàdì nìkan. Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí ẹ ń wá yẹn, ibẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti dáa. Ẹ mú owó tó ṣeé fọwọ́ kà dání, ẹ fi díẹ̀ sínú báàgì ẹnì kan, ẹ fi ìyókù sínú ti ẹnì kejì.

3. Ẹ bá ibi tí ẹ máa sùn sọ̀rọ̀ lẹ́nu

Àwòrán yàrá lè ti pẹ́, ó sì lè jẹ́ pé yàrá tó dára jù lọ níbẹ̀ ni wọ́n yà. Ẹ pè wọ́n. Aago mélòó la lè wọlé, aago mélòó la gbọ́dọ̀ jáde? Ṣé omi àti iná wà tọ̀sán tòru? Ṣé fèrèsé ń ṣí? Bí a kò bá lè wá mọ́, èló lẹ máa dá padà? Kí ẹ tún ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó jìnnà sí ilé ìdáná, sí ẹ̀rọ amúnáwá àti sí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ ariwo yìí ni mo fi ń ṣe àkọ́kọ́, torí bẹ́ẹ̀dì tó dára kò wúlò fún ẹni tí kò rí oorun sùn.

Bí ẹ bá ń ka ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ rí kọ, ẹ fo èyí tó ń yìn wọ́n yìn-yìn-yìn, ẹ fo èyí tó ń bú wọn. Ẹ ka àwọn tó wà láàárín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dé kẹ́yìn. Àwọn yẹn ló máa ń sọ pé yàrá mọ́ ṣùgbọ́n omi gbígbóná kì í pẹ́ tán láàárọ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹni tó gbé fóònù bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹnì kan lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ẹ ti kọ́kọ́ rí wọn, ẹ dúró níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ fi ń kó owó lọ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni orúkọ ibẹ̀, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù wọn lórí ìwé gidi, àti máàpù tí ẹ ti gbà sórí fóònù tó lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa dátà, kí ẹ gbìyànjú ṣí i. Bó bá ṣí, ó ti ṣe.

4. Ẹ tún ilé ṣe lỌ́jọ́bọ̀

Ìpele tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sí.

*Fìríìjì àti fírísà.* Láti Ọjọ́rú ni kí ẹ ti máa jẹ oúnjẹ àjẹkù tán. Ohun tí kò bá ní dúró di ọjọ́ Ajé, ẹ fún ẹlòmíràn. Inú fìríìjì yẹ kó wà ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, kí fírísà wà ní −18°C.

Iná lè lọ lẹ́yìn yín kó sì padà dé, kí ẹ má sì mọ̀. Ẹran tó ti yọ́, tó ti wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, tó tún wá dì padà, kò yàtọ̀ lójú sí èyí tí kò yọ́ rárá. Ohun tí a fi ife àti owó onírin ṣe nìyí: ẹ bu omi sínú ife oníke kí ó má kún tán, torí omi máa ń wú bó bá ń dì. Ẹ gbé e sínú fírísà kó dì gbagidi di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi owó onírin náà lé orí omi dídì yẹn, kí ẹ dá ife padà síbi tó wà.

Tí ẹ bá dé, ife yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wò. Bí owó bá ṣì wà lórí, kò sí ohun tó yọ́. Bó bá ti rì sí ìsàlẹ̀, gbogbo omi yẹn ló yọ́ pátá kó tó tún dì, ẹran àti ẹja tó wà níbẹ̀ kò ṣeé jẹ mọ́. Bó bá wà láàárín, àwọn kan á ní ó kù sọ́wọ́ yín. Ní tèmi, mo máa ń da ẹran àti ẹja nù, torí pé ọjọ́ méjì àìsàn burú ju ẹran kan lọ.

Mo rántí ọjọ́ tí a bá owó wa nísàlẹ̀ ife. Ẹran inú fírísà le bí òkúta, yìnyín bò ó lára, kò sì rùn. Ọkọ mi gbé ife náà sókè síbi iná, a jọ ń wo owó kékeré yẹn nínú omi dídì, ó lẹ̀ mọ́ ìdí ife pátápátá. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, ẹran yẹn là bá sè lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fún ìrántí: bí iná bá lọ tí ẹ kò sì ṣí ilẹ̀kùn, fìríìjì lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún lè mú un dúró fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún 24. Nítorí náà, bí fírísà yín bá ṣófo, ẹ fi ìgò omi oníke kún un, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè ìgò kọ̀ọ̀kan.

*Òórùn.* Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ sínkì máa ń ní omi díẹ̀ nínú. Omi yẹn ló ń dí òórùn kòtò lọ́nà kó má gòkè wá sínú ilé. Ní ibi tí ẹ kì í lò déédéé, bíi ilé ìwẹ̀ àlejò, omi náà máa ń gbẹ láìsí ẹni tó mọ̀, ilé á sì máa rùn láìsí ìdọ̀tí kankan. Ẹ da omi ife kan sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ kì í dé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ fi ṣíbí òróró kan lé e, yóò léfòó sórí omi, kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ. Ọjọ́ tí mo mọ èyí, mo ti fi oṣù mélòó kan fọ ilé ìwẹ̀ kan tí kò dọ̀tí.

Sínkì ilé ìdáná: ẹ kó èérún oúnjẹ kúrò, ẹ bu baking soda sí i, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú fínígà, kó hó, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi omi gbígbóná ṣàn án. Èyí ń mú òórùn lọ. Kò lè ṣí páìpù tó ti dí, ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò tíì rí èyí tó dí gan-an.

Ìkìlọ̀ ńlá: ẹ má ṣe da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì tí a fi ń mú aṣọ funfun láé, ì báà ṣe nínú sínkì, ì báà ṣe nínú ṣáláńgá. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jẹ́ klórínì ló máa ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá ti lo bílíìṣì síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi fínígà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

*Aṣọ àti ìdọ̀tí.* Kí ìfọṣọ tó gbẹ̀yìn wáyé l'Ọ́jọ́rú, kí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọṣọ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ da ìdọ̀tí nù, ẹ wọ́n baking soda díẹ̀ sí ìdí garawa náà kí ẹ tó fi ọ̀rá tuntun sí i.

*Ewéko.* Ẹ fi omi sínú ìgò, ẹ gbé e síbi tó ga díẹ̀ ju ìkòkò ewéko lọ. Ẹ rẹ okùn òwú sínú omi kó mu dáadáa, kí orí kan wà ní ìsàlẹ̀ ìgò, kí ẹ ri orí kejì bọ iyẹ̀pẹ̀ tó bí ìka kan. Omi á máa fà wá díẹ̀díẹ̀. Okùn ọ̀rá kì í fa omi, òwú ni kó jẹ́. Ẹ dí ẹnu ìgò nítorí ẹ̀fọn. Láti Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ ti tò ó, kí ẹ lè fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì: bó bá tutù, ó ń ṣiṣẹ́.

*Gáàsì àti iná.* Ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà fúnra rẹ̀, ẹ má dúró sórí bọ́tìnnì ìdáná. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì àfi fìríìjì àti fírísà.

Ohun kékeré tó gba ìgbéyàwó wa lọ́wọ́ ariwo lójú ọ̀nà wà níbí. A ti rìn fún ìṣẹ́jú 40 lọ́jọ́ kan kí ọkọ mi tó ní, "Ìyàwó mi, ṣé o pa gáàsì?"

Mo ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ pa á."

"Èmi? Ìwọ lo jáde kẹ́yìn."

A yípo, a padà sílé. Ó wà ní pípa. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá pa á máa ya fọ́tò rẹ̀: sílíńdà, áyọ́ọ̀nù tí a ti yọ, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí a ti tì. Fọ́tò mẹ́ta péré. Bí ọkàn bá fẹ́ máa lù lójú ọ̀nà, a ó ṣí fóònù wò ó, ọ̀rọ̀ á tán.

*Ohun méjì fún alẹ́ ọjọ́ Àìkú.* Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fi oúnjẹ ìgbà kan sínú fírísà tí kò ní gbà ju gbígbóná lọ. Mi ò mọ ẹ̀bùn tó dára ju èyí tí èèyàn lè fún ara rẹ̀.

Kí ẹ tó gbà pé ilé ti ṣe tán, ẹ pa iná, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú kan láìsọ̀rọ̀. Imú: ṣé nǹkan ń rùn? Etí: ṣé omi ń kán níbì kan? Ojú: ṣé iná kékeré kan ṣì ń tàn tí kò yẹ kó tàn? Òkùnkùn máa ń fi ohun tí ìmọ́lẹ̀ bò hàn.

5. Ẹrù

Báàgì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó má ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbé lọ. Aṣọ ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ méjì, aṣọ oorun kan, ẹ̀wù kan lé e bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ẹ wọ bàtà tó wúwo jù sẹ́sẹ̀, ẹ di èyí tó fúyẹ́ sínú báàgì. Ẹ ká aṣọ róbótó-róbótó dípò kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní igun mẹ́rin, àyè á pọ̀ sí i, ẹ ó sì lè rí ohun gbogbo láìtú u.

Fún ọṣẹ olómi àti ìpara: ẹ ṣí ìdérí ìgò, ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ wá dé e padà lé e lórí. Ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ sórí sínkì, kí ẹ fún un díẹ̀. Bí kò bá jò níbẹ̀, kò ní jò sára aṣọ yín. Síìpù tó ń há: ẹ fi orí pẹ́ńsù dúdú pa eyín rẹ̀ lọ sókè lọ sódò, yóò yọ̀.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lẹ máa wọ̀, páwà báǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀, báàgì àfọwọ́gbé ni kó wà. Èyí tí iná tó lè gbà sínú kò ju 100 Wh (wátì-wákàtí) lọ ni wọ́n sábà máa ń gbà láìbéèrè. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ nǹkan bíi 74 Wh, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ni kò sì gba ohun olómi tí ìgò rẹ̀ ju 100 ml lọ nínú báàgì àfọwọ́gbé, bí ohun tó wà nínú ìgò náà bá tiẹ̀ kéré. Oògùn yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnì kan di ẹrù fún ẹni méjì. Ẹni tí wọ́n di ẹrù fún kì í mọ ohun tó wà níbẹ̀, yóò sì máa béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dì í títí ọjọ́ Àìkú.

6. Ọ̀nà

Ẹ wo táyà kí ẹ tó rìn, nígbà tó ṣì tutù, torí afẹ́fẹ́ inú táyà gbígbóná máa ń fi ìwọ̀n tó ju òótọ́ lọ hàn. Ẹ wo táyà ìpamọ́ náà. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Oúnjẹ sísè tó ti wà níta fún wákàtí 2, ẹ má jẹ ẹ́. Bí ooru bá ju 32°C lọ, wákàtí 1 ni. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kejì nígbà tí ẹ bá gbéra àti nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀.

7. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀

Ẹ má gbé báàgì lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí sínú ilé ìwẹ̀ ná. Ẹ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè ní igun méjì ibi orí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ibi tí wọ́n ti rán fóòmù. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wẹ́wẹ́ bí ẹni fi ẹnu bírò tọ ibẹ̀, ìdun ni. Ẹ béèrè yàrá mìíràn lójú ẹsẹ̀, kó má sì jẹ́ èyí tó fara kan ti àkọ́kọ́, torí ìdun máa ń gba inú ògiri kọjá. Ìdun tó bá bá yín délé, owó àti oṣù ni yóò gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ tún wo bóyá kọ́kọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́ láti inú, àti ọ̀nà tí ẹ lè gbà jáde bí iná bá ń jó.

Lẹ́yìn èyí, ohun kan lójúmọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn láti rí gbogbo ibi tó wà nítòsí. Ẹ yan ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ lo ìyókù ọjọ́ náà láìní ètò. Ìwé pélébé yín lẹ máa wò: ẹni tó ní òun fẹ́ sùn, kó sùn. Ẹni tó ní òun fẹ́ jókòó sétí omi, kó lọ jókòó, kí ẹnì kejì wá bá a níbẹ̀ tó bá jí.

Ọ̀rọ̀ fóònù: ẹ yan wákàtí kan tí ẹ máa fi wò ó lóòjọ́, kí ẹ fi í sínú báàgì ní ìyókù. Bí ẹ bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan, kí fóònù ẹnì kan ṣoṣo wà ní títàn, kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ sì mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn lòun máa pè.

Ohun méjì tó wúlò bí omi bá bá yín: ẹ̀wù tí ẹ fọ̀ lálẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura gbígbẹ, ẹ ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní, ẹ lọ́ ọ tàbí kí ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí. Aṣọ ìnura á fa omi náà, ẹ̀wù á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàtà tútù, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ má gbé e sídìí iná, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lè ṣí kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ bi ara yín: kí lo gbọ́ lẹ́nu mi láti ọjọ́ Ẹtì tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ẹ bá rí ọ̀kan dáhùn lọ́nà méjèèjì, ìrìn àjò náà ti ṣe ohun tí a rán an.

8. Àbọ̀

Ẹ ṣírò àsìkò tí ẹ máa gbéra kí ilẹ̀ má ṣú bá yín. Wákàtí méjì tí ẹ bá fi pẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ni yóò san án.

Bí ẹ ti ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ tó jókòó: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ife wò, ẹ ṣí gáàsì kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn, ẹ pa á, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná kankan, ẹ jáde, ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ láti ìta. Àpò aṣọ ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ dúró ní pálọ̀, tààrà síbi ìfọṣọ ni. Ẹ gbé oúnjẹ yẹn kaná, kí ẹ sì tú báàgì méjèèjì nígbà tó bá ń gbóná. Kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ fún ẹni méjì. Bí ẹ bá jókòó kí ẹ tó ṣe é, kò ní ṣeé ṣe mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìwé pélébé kan náà, ẹ kọ ohun tí ẹ gbé lọ tí ẹ kò lò, àti ohun tí ẹ wá tì. Ẹ fi ìwé náà sínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì, ibẹ̀ lẹ máa bá a nígbà mìíràn. Ife àti owó onírin, bí owó bá ṣì wà lókè, ẹ dá a padà sínú fírísà bó ṣe wà.